Màmá Kò Wọ Odò Mọ́

Ìdèrè,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, 2024.

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò tíì gbé ọ mì? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Òjò rọ̀ bó ṣe yẹ lọ́dún yìí, àgbàdo ti gbó, bàrà mi lóko ọ̀nà Ayete sì so títí wọ́n fi ń gun ara wọn lórí. Olúwa ló ṣe é.

O ní kí n máa pè ọ́ lórí fóònù, kí n yé kọ lẹ́tà tí n ó tún máa fi fóònù yà ránṣẹ́ bí ẹni ń ya ìwé ẹ̀rí. Mo ti sọ fún ọ pé etí mi ò gbọ́ fóònù mọ́ àfi tí mo bá tẹ ibi tí ohùn ti ń ké sókè, bí mo bá sì ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo agboolé ló ń bá wa dá sí i. Lọ́jọ́ tí ò ń sọ ti ọ̀gá rẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìyàwó ilé kẹta ló kọ́kọ́ dáhùn pé kí o máa gbàdúrà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà. Jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kí o kà á níbi tó dákẹ́.

Bàtà tí o fi ránṣẹ́ dé, ó sì rọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ìyá Ṣàkírát wò ó títí, ó ní tí mo bá kú kí n fi sílẹ̀ fún òun. Mo ní kó máa retí. Òun náà ti ra bọ́ọ̀tù ròbà tuntun, ibi gbogbo ló ń wọ̀ ọ́ lọ, kódà ó ń wọ̀ ọ́ wọnú odò. Ó ní ejò ni òun ń bẹ̀rù. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ lásán rin oko láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé!

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o bá mi rà. Aṣọ funfun, ọ̀pá mẹ́rin, èyí tí ihò ara rẹ̀ kéré gan-an tí a lè fi sẹ́ omi. Èyí tí mo rí lọ́jà Ìgbó-Ọrà ò dára, ihò rẹ̀ tóbi. Má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Tí o bá tún rí báńdéèjì tí wọ́n ń dè mọ́ orúnkún, fi ẹyọ kan sí i. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀. Kì í ṣe nǹkan ńlá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Salome Awótúndé.


Hull,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Keje, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò, ẹ kú orí ire bàrà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù. Mo wà dáadáa. Ọ̀gá mi yẹn ti kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó ilé kẹta pé àdúrà gbà.

Kí lẹ fẹ́ fi aṣọ ìsẹ́ omi ṣe? Ẹ ní kí n má bèèrè, mo sì ti bèèrè. Omi ẹ̀rọ lẹ̀ ń mu. Àbí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ògì títà ni? Ẹ ti fẹ̀yìn tì, Màmá, ẹ jẹ́ kí ara yín náà fẹ̀yìn tì.

Orúnkún yẹn ló ká mi lára jù. Mo mọ "díẹ̀" tiyín. Nígbà tí ibà mú yín "díẹ̀" níjọ́sí, ọjọ́ mẹ́ta lẹ lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó níbí, orúnkún ni mò ń rí láti àárọ̀ dalẹ́. Mò ń fọ̀ ọ́, mò ń fi ìpara pa á, mò ń gbé e lé orí ìrọ̀rí. Ó máa ń dùn mí pé ti ìyá ẹlòmíràn ni. Ṣé tiyín wú? Ṣé ó ń ró tí ẹ bá dìde? Ta ló ti bá yín wò ó? Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń fi ọ̀kadà kiri oògùn ta tábúlẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mẹ́ta yẹn fún yín o. Kí sòbìà tó degbò, olúgàńbe là ń ké sí. Ẹ lọ sí ọsibítù ní Ìgbó-Ọrà.

Bùrọ̀dá Ọlálékan ní yàrá kan ṣófo nílé àwọn ní Ìbàdàn, ó ní ẹ lè wá sinmi níbẹ̀ títí tó bá wù yín. Ẹ rò ó wò.

Ọmọ yín,
Moyọ̀.


Ìdèrè,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ, 2024.

Moyọ̀,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Nínú gbogbo òwe tí Yorùbá ní, èyí ni o rí mú wá bá mi? Ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan. Má tún bi mí bóyá ó wú.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé yàrá tó ṣófo nílé rẹ̀, kó kó ìrẹsì sí i. Inú ilé tí bàbá yín kọ́ ni mo wà, ibẹ̀ náà ni mo máa wà.

Fi aṣọ náà ránṣẹ́.

Ìyá rẹ.


Hull,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ, 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Mo ti fi aṣọ àti báńdéèjì náà rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Ẹ má bínú sí òwe mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tó ṣe.

Ìyá Ṣàkírát pè mí lánàá. Ẹkún ló ń sun. Ó ní: "Moyọ̀, kí ni mo fi ṣe ìyá ẹ? Gbogbo wa là ń kọjá lọ sódò, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá, kò dìde. Mo ní kí n bu omi mu nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀, ó na ọwọ́ dí mi, ó ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Omi ẹ̀rọ ló tún ń fi ìró àtijọ́ sẹ́, Moyọ̀! Omi ẹ̀rọ!"

Màmá, láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni ẹ̀yin obìnrin márùn-ún ti jọ ń fọ bàrà. Ẹ ó fọ́ ọ lóko, ẹ ó jẹ́ kó jẹrà, ẹ ó gbé e lọ sódò lọ́jọ́ kan náà, ẹ ó dúró nínú omi títí kóró rẹ̀ á fi funfun. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹnìkan kì í dá bàrà fọ̀, àti pé ẹni tí kò bá yọjú, ìjà ló ń bá ẹgbẹ́ jà. Kí lẹ wá ń bá wọn jà lé lórí? Ó ní bàrà tiyín ti ń jẹrà kọjá bó ṣe yẹ lóko, ẹ ò sì bèèrè rẹ̀.

Mo sọ fún Bùrọ̀dá. Ó ní bóyá ọjọ́ orí ló ti ń bá orí yín ṣeré. Ó ń bọ̀ wá mú yín lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kẹrìnlélógún. Ẹ jọ̀wọ́, kó tó dé, ẹ sọ nǹkan fún mi.

Moyọ̀.


Hull,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, 2024.

Màmá mi,

Ọ̀sẹ̀ méjì ti pé. Mo rí i lórí fóònù pé ẹ ti ka lẹ́tà mi, nítorí àmì méjèèjì ti di búlúù. Ẹ ò fèsì.

Bùrọ̀dá ní òun dé lánàá, pé ojú fèrèsé lẹ ti bá òun sọ̀rọ̀, ẹ ní kóun gbé búrẹ́dì kalẹ̀ kóun máa lọ. Ẹ ò ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tí ẹ bí! Ó ní ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù lòun máa mú wá, òun á kó ẹrù, òun á ti ilé náà pa.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n ti ilé yẹn pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Màmá, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún un mọ́. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí.

Moyọ̀ yín.


Ìdèrè,
Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Moyọ̀ mi, Àjíkẹ́,

Jókòó kí o tó ka èyí. Bí ẹnì kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, sún kúrò níbẹ̀.

Sòbìà ló wà nínú orúnkún mi.

O ò mọ̀ ọ́n, ìran tiyín ò rí i. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí agboolé kan ní Ìdèrè tí sòbìà ò dá ènìyàn jókòó sí. Omi adágún là ń mu. Ìgbà tí iṣẹ́ oko bá wọra gan-an ni yóò mú bàbá, yóò mú ìyá, àwọn ọmọ á sì máa fi ìdí wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Tèmi yọ lábẹ́ orúnkún ọ̀tún, ó funfun, ó tín-ín-rín bí òwú. Ìyá mi àgbà ń yí i mọ́ igi ìṣáná, díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó já. Ìyá àgbà wò mí lójú, wọ́n ní, "Ìdajì ẹ̀ ti padà sínú. Ó ń bọ̀ wá jáde lọ́jọ́ kan." Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè rìn. Nígbà tó yá ó san, mo lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, mo lọ́kọ, mo bí yín, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Nínú oṣù Karùn-ún tó kọjá, mo fẹ́ dìde lórí àpótí níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, orúnkún náà kọ̀. Ibẹ̀ gan-an. Ó wú, ó gbóná. Mo ní, ó ti dé.

Moyọ̀, èmi ni mò ń gbé àwòrán kiri kíláàsì nígbà tí wọ́n ń lé sòbìà kúrò nílùú. Èmi ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tí sòbìà bá mú kò gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ odò, nítorí ibẹ̀ ni yóò pọ ọmọ sí fún ẹlòmíràn láti mu. Ṣé èmi náà ni n ó wá bá obìnrin mẹ́rin dúró nínú omi tí àwọn ọmọ wọn ń bù mu lóko? Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo fi igbá tí mo fi ń wẹ ẹsẹ̀ bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, ìdí nìyẹn tí mo fi dí Ìyá Ṣàkírát lọ́wọ́, tí mo sì ní kí o ra aṣọ tí mo lè fi sẹ́ omi bí a ṣe ń sẹ́ ẹ nígbà sòbìà. Ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Bí mo bá sọ ọ́ síta, ìjọba á kó mọ́tò wá, wọ́n á ya fọ́tò wa, wọ́n á ní Ìdèrè tún ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ayé wa, tí a bá dé Ìbàdàn tí a sọ ìlú wa, ẹsẹ̀ wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú wa. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó dá ìyẹn padà.

Ewé olúgàńbe ni mò ń gún lé e. O rí ìdí tí òwe rẹ fi bí mi nínú. Mo sì ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mẹ́ta yẹn, torí pé tí mi ò bá lò ó, oorun ò ní kùn mí. Ó ti wá ń ta mí nínú ikùn.

Má sọ fún Ọlálékan. Ojú ń tì mí.

Ìyá rẹ.


Hull,
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá mi, tíṣà mi,

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Ẹ̀yin kọ́ ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ìtura ló pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí orí yín pé, ó tilẹ̀ pé ju tèmi àti ti Bùrọ̀dá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín bí ẹ ṣe máa ń bi àwa ọmọ kíláàsì yín. Báwo ni sòbìà ṣe ń pẹ́ tó nínú ènìyàn kó tó jáde? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi: ọdún kan. Ọdún kan, Màmá, kì í ṣe ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Èyí tó já sínú yín ti kú tipẹ́ kí ẹ tó pàdé bàbá wa. Ó sì ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti kéde pé sòbìà ti tán pátápátá ní Nàìjíríà. Ẹ wà lára àwọn tó lé e lọ. Ẹ wá ń sá fún òkú.

Ìyá àgbà òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ mi níbí. Orúnkún rẹ̀ máa ń wú, ó máa ń le tó bá jókòó pẹ́, ó ń ró tó bá dìde. Kò mu omi adágún rí láyé rẹ̀. Làkúrègbé orúnkún ni: ohun tó rọ̀ láàárín egungun méjèèjì ló ti jẹ, bí ìsàlẹ̀ bàtà ṣe ń jẹ. Mo rò pé irú rẹ̀ ló ń ṣe yín. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì fojú rí i, nítorí náà ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dá tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn dúró lónìí, Màmá. Kì í ṣe lọ́la.

Ó dùn mí pé ẹ dá a gbé láti oṣù Karùn-ún, tí ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀. Mi ò ní sọ fún Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Ìyá Ṣàkírát náà ńkọ́? Ó ṣì rò pé ẹ kórìíra òun.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Moyọ̀.


Ìdèrè,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Moyọ̀sọ́rẹ,

O kú aájò. Ọlọ́run á rọ́mọ tọ́jú ìwọ náà.

Mo lọ sí Ìgbó-Ọrà. Wọ́n ya fọ́tò egungun mi, wọ́n gbé e síbi iná, ó hàn gedegbe: egungun fẹ́rẹ̀ẹ́ kan egungun. Làkúrègbé ni, bí o ṣe wí. Dókítà bi mí pé kí ló ń rùn bí ewé lára mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ láti Ìdèrè tó ń ti sòbìà mọ́lé tí kò sí nílé. Ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mẹ́ta náà lọ́wọ́ mi, ó dà á nù lójú mi. Wọ́n tún wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ga. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀, mo sì ti dín iyọ̀ kù. Ọbẹ̀ mi ò dùn mọ́, ṣùgbọ́n mò ń jẹ ẹ́.

Wọ́n fà mí lé ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́, Adétóyìn lorúkọ rẹ̀, òun ló ń kọ́ni ní eré ìmárale. Ó ní àpótí ìdáná ni ọ̀tá mi. Kò gbọdọ̀ sí ìjókòó ilẹ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ sí ìlóṣòó, àga gíga ni kí n máa jókòó lé. Kí n máa na ẹsẹ̀ síwájú nígbà mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n má sì kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Kábíyèsí ńkọ́?" Ó ní, "Màmá, ẹ tẹrí ba. Kábíyèsí náà ní orúnkún."

Láti ibẹ̀, ilé Ìyá Ṣàkírát ni mo gbà lọ tààrà. Kò dáhùn nígbà tí mo kí i. Mo jókòó, mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí, sòbìà, dúrọ́ọ̀mù, odò. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi jáde. Ló bá bọ́ bọ́ọ̀tù ròbà rẹ̀, ó ká ìró sókè. Moyọ̀! Olúgàńbe ló wà lórúnkún òun náà, ó gún un, ó fi àkísà dè é. Ó ní, "Láti oṣù Kẹrin ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Kí n má baà kó o ràn yín ni mo ṣe ra bọ́ọ̀tù." A wo ara wa. Ẹ̀rín bú jáde, a rín in títí Ṣàkírát fi sáré wọlé wá wò ó bóyá à ń jà. Ó wá yé mi ìdí tó fi ń retí bàtà rírọ̀ mi tó bẹ́ẹ̀.

Gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́kún. Àpò kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀. Bàrà mi ni. Ó ti lọ sóko mi, ó gbé e, ó fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ, láìbá mi sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ṣebí ó ń bínú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ni mò ń bá bínú. Mi ò bá bàrà bínú."

Mo ti pe Ọlálékan, mo sì ti sọ fún un. Aṣọ rẹ dé, ó dára púpọ̀, a ti fi sẹ́ ògì. Ra bàtà rírọ̀ mìíràn ránṣẹ́, ẹsẹ̀ Ìyá Ṣàkírát kò ju tèmi lọ. Èmi ò ní tètè kú.

Ìyá rẹ,
Salome.


Hull,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá mi,

Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde lọ jókòó síbòmíràn. Ẹ bá mi kí Ìyá Ṣàkírát. Mo ti ra bàtà náà, mo ra báńdéèjì méjì sí i, ẹ jọ dè é.

Mo ti gba ìsinmi. Ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ni mo máa dé. Èmi ni n ó bá yín fi ìpara pa orúnkún yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi du iṣẹ́ náà. Ẹ máa na ẹsẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá o. Ẹ má kà á ní márùn-ún kí ẹ ní ó ti pé.

Moyọ̀.


Ìdèrè,
Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá, 2024.

Moyọ̀ mi,

Mò ń retí rẹ. Ìyàwó ilé kẹta náà ń retí rẹ, ó ní ẹ̀bùn àdúrà òun dà.

Ọlálékan mú ọkọ̀ akẹ́rù náà wá lóòótọ́. Àga gíga méjì ló kó wá, igi ìrókò, ó gbé ọ̀kan fún mi, ó gbé èkejì fún Ìyá Ṣàkírát. Ó sùn síbí, ó jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, kò ráhùn. Nígbà tó ń lọ, òfìfo ni ọkọ̀ náà lọ.

Orúnkún mi ò tíì san tán, Adétóyìn sì ní kò ní dà bíi ti ọmọdé mọ́. Àwọn àárọ̀ kan ṣì wà tí n ó di ògiri mú kí n tó dìde. Ṣùgbọ́n mò ń rìn dé oko, mò ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá lọ́wọ́ òsì.

Lánàá a lọ fọ bàrà ìgbà kejì. Àwa márààrún. Wọ́n ti gbé tábìlì kékeré kan sétí odò, torí kí èmi àti Ìyá Ṣàkírát má baà lóṣòó. Mo bọ́ bàtà tí o rà, mo gbé e sórí òkúta. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀, mò ń wo omi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fojú ara mi rí fọ́tò egungun yẹn. Ìyá Ṣàkírát ti wà nínú omi láìwọ bọ́ọ̀tù, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Salome, máa bọ̀ jàre, bàrà ń dúró dè ọ́." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì wọlé.

Omi náà tutù. Ó dé orúnkún mi, kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ.